Santiago Wo Lẹ̀ Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, torí náà kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fi í pamọ́ di alẹ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lemọ́lemọ́: "Pásítọ̀, ṣé orúkọ ìlú máa ń ní agbára lórí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀?" Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé: "Tí wọ́n bá fi orúkọ ẹni tó ti kú sọ ìlú, ṣé kò sí ẹ̀mí kan nídìí ẹ̀ báyìí?" Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí. Santiago ni.

Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kí ẹ tẹ Santiago sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olú-ìlú Chile ló máa kọ́kọ́ jáde, torí òun ló tóbi jù nínú wọn. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù méje. Ẹ má dúró níbẹ̀. Santiago de Compostela wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Spéìn, òun gan-an ni ìyá gbogbo wọn. Santiago de Cuba wà ní ìlà-oòrùn erékùṣù Kúbà. Santiago de los Caballeros ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Dominican Republic. Santiago del Estero wà ní Ajẹntínà; ọdún 1553 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, nínú àwọn ìlú tí ará Spéìn dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn tó ṣì wà títí dòní, kò sí èyí tó dàgbà jù ú lọ. Santiago de Querétaro wà ní Mẹ́síkò. Ọ̀kan tún wà ní agbègbè Veraguas ní Panamá.

Àwọn tó tún wu mí jù ni àwọn tó fi orúkọ náà pamọ́ sínú ìwé. Cali tí ẹ ń gbọ́ ní Kòlóḿbíà, Santiago de Cali ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Guayaquil ní Ecuador, Santiago de Guayaquil ni. Caracas, olú-ìlú Fẹnẹsúẹ́là, Santiago de León de Caracas ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ dá ará Caracas kan dúró lójú títì, kí ẹ bi í pé ìlú wo ló ti wá, kò ní pe Santiago fún yín láéláé. Orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ló borí.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí gan-an? Ọ̀rọ̀ méjì ló lẹ̀ pọ̀. "Sant" ni ẹni mímọ́, "Iago" sì wá láti inú Iacobus tí àwọn ará Róòmù ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wa lójú: wọ́n pe ọmọ Ísáákì ní Jacob, wọ́n wá pe àpọ́sítélì Jésù ní James, bí ẹni pé orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bíbélì Yorùbá tiwa kò yà wọ́n. Jákọ́bù ni ọmọ Ísáákì, Jákọ́bù náà ni ọmọ Sébédè. Ẹ ṣéun, ẹ̀yin bàbá wa tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run! Torí náà, tí ẹ bá gbọ́ Santiago, Jákọ́bù Mímọ́ ni wọ́n ń wí. (San Diego tó wà ní Kalifọ́níà ńkọ́? Ẹlòmíràn nìyẹn o, ará ìjọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ Diego tó gbé ní Alcalá ní Spéìn, tó kú ní 1463. Ẹ má kó o mọ́ wọn.)

Kí la mọ̀ nípa Jákọ́bù ọmọ Sébédè nínú Ìwé Mímọ́? Apẹja ni òun àti Jòhánù àbúrò rẹ̀. Jésù sọ àwọn méjèèjì ní Bóánágè, ìyẹn ọmọ àrá. Orúkọ yẹn sì rò wọ́n, torí nígbà tí àwọn ará Samáríà kọ̀ láti gba Jésù sílé, àwọn méjèèjì yìí ló fẹ́ pe iná láti ọ̀run kó jó abúlé yẹn run. Ẹ lọ wo Lúùkù orí 9. Jésù yíjú padà, ó sì bá wọn wí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12 sọ fún wa pé Ọba Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù. Ẹsẹ kan péré ni, ó parí. Kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé Jákọ́bù fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Spéìn. Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé òun fẹ́ lọ sí Spania.

Báwo wá ni Jákọ́bù ṣe di ti Spéìn? Ní nǹkan bí ọdún 820 sí 830, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Teodomiro kéde pé òun ti rí ibojì àpọ́sítélì náà nínú igbó kan ní Galicia. Ọba Alfonso Kejì kọ́ ilé ìsìn sórí rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe àlọ́ o: ní 1955, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ kàtídírà, wọ́n rí òkúta ibojì tirẹ̀, wọ́n kọ ọdún 847 sí i lára gẹ́gẹ́ bí ọdún tó kú. Ti òkú tó wà nínú ibojì kejì, ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi gbà á. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ní 2023 nìkan, àwọn tó rìn dé ibẹ̀ tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí lé ní 400,000. Ó kéré tán, ìrìn kìlómítà 100 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Àwa tí a ń wá ọ̀kadà láti ìta dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Lásìkò yẹn, àwọn Mùsùlùmí ló ń ṣàkóso ibi tó pọ̀ jù ní Spéìn, ogun sì ń lọ. Ìtàn kan wá jáde pé lójú ogun Clavijo ní 844, Jákọ́bù yọ láti ọ̀run lórí ẹṣin funfun, ó mú idà dání, ó ń bẹ́ orí àwọn Mùsùlùmí. Àwọn òpìtàn òde òní kò gbà pé ogun yẹn tilẹ̀ wáyé rárá. Síbẹ̀ ìtàn náà mú gbòǹgbò. Wọ́n fún Jákọ́bù ní oríkì tuntun, Matamoros, apa-Mùsùlùmí. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ lórí ẹṣin. Ọ̀kan wà nínú kàtídírà Compostela títí dòní. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, wọ́n ń fi òdòdó bo àwọn orí tí ẹṣin náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ "Santiago!" wá di igbe ogun.

Ẹ̀yin ará, Hẹ́rọ́dù fi idà pa ọkùnrin yìí. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ ló wá fi idà náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí ọdún mélòó kan.

Igbe yẹn ni àwọn ajagun Spéìn gbé sọdá òkun. Diego Velázquez tẹ Santiago de Cuba dó ní 1515. Ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù ni ọjọ́ 25 oṣù Keje, wọ́n sì máa ń fi kàlẹ́ńdà sọ ìlú lórúkọ bí a ṣe ń sọ ọmọ ní Abíọ́dún. Pedro de Alvarado dá Santiago ti Guatemala sílẹ̀ ní 25 oṣù Keje 1524. Sebastián de Belalcázar dá Cali sílẹ̀ ní 25 oṣù Keje 1536. Diego de Losada dá Caracas sílẹ̀ ní 25 oṣù Keje 1567. Pedro de Valdivia kò tilẹ̀ dúró de àjọ̀dún: oṣù Kejì 1541 ló sọ ìlú tó tẹ̀ dó ní Chile ní Santiago. Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, tí Michimalonco, olórí kan láàárín àwọn onílẹ̀, kó ogun wọ̀ ọ́, tó sì dáná sun ún.

Ti Guatemala ló tún ṣe mí láàánú jù. Wọ́n kó Santiago yẹn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ẹsẹ̀ òkè ayọnáyèéfín kan. Ní 1541, omi àti ẹrẹ̀ ya wá láti orí òkè, ó bo ìlú náà. Wọ́n tún gbé e lọ sí àfonífojì kejì. Ní 29 oṣù Keje 1773, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn àjọ̀dún Jákọ́bù, ilẹ̀ mì tìtì, ó wó o. Nígbà tí wọ́n tún kó lọ ní 1776, wọn ò gbé Santiago dání mọ́, orúkọ Màríà ni wọ́n fi sọ ìlú tuntun. Santiago de los Caballeros náà, ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó o ní 1562.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí. "Pásítọ̀, ẹ ò rí i? Orúkọ yẹn ń jà ni!"

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2010. Ó gbọ́ lórí rédíò pé ilẹ̀ mì ní Santiago, pé òkú sùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Santiago, níbi tó ti ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ. Ó pe fóònù rẹ̀ títí, kò lọ. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìró tó ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Pásítọ̀, ẹ gbà mí o, wọ́n ní Santiago ti wó." Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó. Santiago wo?" Ó ní, "Santiago mélòó ló wà?" Chile ni ilẹ̀ ti mì. Spéìn ni ọmọ wà, Compostela. Iṣẹ́ òru ló ṣe, ó pa fóònù, ó sùn. Ọ̀sán ló tó pe ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ti sunkún tán kó tó pè.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ẹ̀rín la bá máa fi í rín. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wá sọ fún Màmá pé orúkọ òkú kò dáa lórí ìlú, pé kó ní kí ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí, títí di ọjọ́ 24 oṣù Keje 2013. Ọjọ́ kejì ló máa jẹ́ àjọ̀dún Jákọ́bù. Ọkọ̀ ojú irin kan dojú dé nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ Compostela gan-an, nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn kú. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá kò sunkún. Ó wá bá mi lálẹ́, ó ní: "Pásítọ̀, ọmọ mi máa fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo ti sọ fún un." Ọmọ yìí ló ń san owó ilé ìyá rẹ̀, tó ń san owó ilé ìwé àbúrò méjì. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é níbì kankan.

Èmi kì í kó àlàyé sáyẹ́ǹsì bo èèyàn tí ẹ̀rù ń bà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ yẹn sá eré 179 ní kìlómítà níbi tí wọ́n ti ní kó má ju 80 lọ. Kọ́nà ni, ọ̀rọ̀ fóònù sì wà létí awakọ̀ kó tó dé ibẹ̀." Mo ní ti Chile, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òkun níbẹ̀ ló ń wọ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi ń mì láti ayébáyé. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó le jù tí èèyàn tíì wọ̀n rí, 9.5, Chile náà ló ti ṣẹlẹ̀ ní 1960, ìlú tí wọ́n sì fi ń pè é ni Valdivia. Orúkọ ẹni mímọ́ kọ́ nìyẹn. Orúkọ ọ̀gágun tó fi idà gba ilẹ̀ ni.

Mo rí i pé kò tíì wọlé. Mo wá bi í pé, "Màmá, tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ṣé kì í ṣe Òkè-Bọ́lá lẹ̀ ń gbà kọjá? Kí lorúkọ kàtídírà àwọn Áńgílíkà tó wà níbẹ̀?" Ó ní, "St. James ni." Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." Ó ní, "Jákọ́bù Mímọ́." Mo ní, "Tí ará Spéìn bá ka pátákó yẹn, Santiago ló máa pè é." Màmá wò mí. Ó ní, "Èyí tí mo ń gbà kọjá láti ìgbà ọmọge mi?" Ó dìde, ó lọ pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àrá tí mo ní ká fi sọ́kàn ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará Spéìn dé orí àwọn òkè ńlá Perú, wọ́n ń kígbe "Santiago!" bí wọ́n ti ń yìnbọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n rí i bó ṣe ń kọ mọ̀nà. Ní tiwọn, wọ́n ní òòṣà àrá kan tó ń jẹ́ Illapa. Wọ́n ní á à, Santiago ni Illapa àwọn òyìnbó yìí! Àlùfáà kan, Pablo José de Arriaga, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1621 pé tí wọ́n bá bí ìbejì níbẹ̀, wọ́n máa ń sọ ọ̀kan nínú wọn ní Santiago, pé ọmọ àrá ni. Ọmọ àrá! Orúkọ tí Jésù fún un gan-an. Àrá àti ìbejì papọ̀, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Àwọn èèyàn tiwa náà sì bá Santiago pàdé lọ́hùn-ún, nínú ẹ̀wọ̀n. Ní Loíza ní Puerto Rico, ìlú tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Santiago lọ́dọọdún ní oṣù Keje. Ère mẹ́ta ni wọ́n ń gbé jáde: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé. Wọ́n máa ń fi èèpo àgbọn ṣe egúngún. Onímọ̀ kan, Ricardo Alegría, tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1954, gbà pé Ṣàngó ni àwọn ẹrú rí nínú ajagun orí ẹṣin yẹn. Ní Hàítì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Saint Jacques, Ògún ni wọ́n rí, èrò sì ń ya lọ sí Plaine-du-Nord ní 25 oṣù Keje. Lẹ́bàá Santiago de Cuba, ìlú kan wà tó ń jẹ́ El Cobre, Santiago del Prado ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹrú ọba Spéìn ló ń wa bàbà níbẹ̀. Ère Màríà tó wà níbẹ̀, Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ ará Kúbà ń fi pè.

Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í bọ òòṣà, mi ò sì ń gbàdúrà sí ẹni mímọ́ kankan. Jésù tó mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣẹ̀sín. Wọ́n gba orúkọ wọn, wọ́n gba èdè wọn, wọ́n fún wọn ní ẹni mímọ́ tó gun ẹṣin tó mú idà dání, irú èyí tó ń nà wọ́n lójoojúmọ́. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "A mọ ẹni yìí." Ṣé Jákọ́bù apẹja ni ẹnikẹ́ni fi hàn wọ́n rí?

Kí àwa onípẹ́ńtíkọ́sì má sì rò pé ti àwọn Àgùdà nìkan lèyí. Iná Pẹ́ńtíkọ́sì dé Chile ní 1909, ọdún mọ́kànlélógún kí ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Valparaíso ló ti kọ́kọ́ ràn, lábẹ́ pásítọ̀ Willis Hoover, ó sì ràn dé Santiago. Orúkọ ẹni mímọ́ kò dí Ẹ̀mí lọ́nà. Wọ́n ń wàásù lójú títì, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń kígbe "Ògo fún Ọlọ́run" lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn dé ibí yìí.

Ní 11 oṣù Kẹsàn-án 1973, ọjọ́ kan náà tí Michimalonco dáná sun ìlú yẹn, ọ̀gágun Pinochet fi ìbọn gba ìjọba ní Santiago. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ tí a kò rí mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1974, àwọn Mẹ́tọ́díìsì onípẹ́ńtíkọ́sì ṣí kàtídírà ńlá wọn ní òpópónà Jotabeche ní Santiago. Ẹ mọ ẹni tó jókòó níwájú? Pinochet. Àwọn olórí ìjọ onígbàgbọ́ kan sì ti fọwọ́ sí ìwé láti gbè é lẹ́yìn. Àwọn èèyàn tó kún fún Ẹ̀mí! Ní Santiago kan náà, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Luther kan, Helmut Frenz, wà lára àwọn tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti wá àwọn tó sọnù, kí wọ́n sì dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń lé kiri. Ní 1975, nígbà tó rìnrìn àjò jáde, ìjọba náà kò jẹ́ kó padà wọlé mọ́.

Mo ti kọ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìṣọ́ òru wa ti ọjọ́ Ẹtì ṣì dúró. Ẹni tó bá ní ọmọ, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú yìí, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká lè dárúkọ wọn nínú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú náà ní kíkún, kí ẹ kọ orílẹ̀-èdè tó wà mọ́ ọn.